Creatinine màmá mi "normal", ṣùgbọ́n eGFR ní 51: èwo ni ká gbà gbọ́?

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ kíndìnrín kó bá mi dá sí i. Màmá mi, ẹni ọdún 62, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti bí ọdún 11. A ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, creatinine wọn jẹ́ 1.2, láàbù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé 0.6 sí 1.3 ló dáa, nọ́ọ̀sì ní kò síṣòro. Mo wá lọ fi sínú ápù kan lórí fóònù mi, ó gbé eGFR 51 jáde, ó ní "stage 3", ìpele kẹta àìsàn kíndìnrín. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà ní kí n lo ti òun, kí n tẹ "Black", ìyẹn ní 56, tí n ò bá tẹ̀ ẹ́ ó di 48. Aládùúgbò wa kan sì ti gbé àgbo wá, ó ní yóò fọ kíndìnrín náà mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, nọ́ńbà mẹ́ta, èwo ni òótọ́ níbẹ̀ ẹ̀yin àgbà?

*

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàbù, creatinine tí mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe kò lóǹkà, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ẹ lóhùn kí n tó máa rojọ́. eGFR yìí, ìfojúdíwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́ tó ni, wọ́n ń fi creatinine ṣírò ẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 51 ni kí o dì mú. 56 yẹn, gbàgbé ẹ̀. 48 yẹn, fọ́múlà àtijọ́ ló mú un wá. Ṣùgbọ́n 51 ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò tíì tó ká fi sọ pé màmá ní àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ni "normal" tí láàbù kọ ò tó ká fi sọ pé wọn ò ní in. Àgbo yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, màá dé ibẹ̀.

Creatinine yìí, ìdọ̀tí tí ẹran ara wa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ kúrò bí ìgbà téèyàn ń sẹ́ ògì, tó sì ń dà á sínú ìtọ̀. Tí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀, ó máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo èèyàn gbọ́ ìyẹn, ibi tí wọn kì í dé ni pé ẹni tó lẹ́ran lára a máa tú u púpọ̀, ẹni tí ara ẹ̀ kéré a tú díẹ̀. Wo ilé méjì ládùúgbò, ọ̀kan ní ọmọ mẹ́wàá nínú, ìkejì màmá àgbà kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀. Tó o bá rí i pé pàǹtírí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé méjèèjì ga bákan náà, ta ni kólẹ̀kólẹ̀ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́? Ti màmá àgbà ni. Ohun tí 1.2 túmọ̀ sí nìyẹn. Fi 1.2 sí orúkọ ọmọkùnrin ẹni ọdún 25 tó ń gbé sìmẹ́ńtì, fọ́múlà kan náà tó fún màmá ẹ ní 51 máa fún un ní 86. Ìwé láàbù kì í mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, 0.6 sí 1.3 kan náà ló ń tẹ̀ fún gbogbo wọn.

Nọ́ọ̀sì yẹn ò purọ́ o, ohun tó wà lórí ìwé ló kà. Èmi bínú sí ìwé yẹn fúnra ẹ̀. Láàbù tó bá ti mọ ọjọ́ orí aláìsàn tó sì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kí ló dé tí ò lè ṣírò eGFR sẹ́gbẹ̀ẹ́ creatinine? Kò ju ìṣírò lọ, kò sí ìgò omi àyẹ̀wò kankan tí wọ́n máa rà sí i.

*

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ "Black" yìí ló gbóná jù nínú èsì tẹ́ ẹ ń kọ. Àwọn kan ní èèyàn dúdú lẹ́ran lára ju òyìnbó lọ, nítorí náà ó yẹ ká fi nǹkan kún un. Àwọn kan ní ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà gbáà ni. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí ẹ̀gbọ́n ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, pé ṣé ó máa tìjú pé òun dúdú ni?

Ibi tó ti wá rè é. Ní ọdún 1999 ni fọ́múlà tí wọ́n ń pè ní MDRD jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé láàárín àwọn aláìsàn tí wọ́n wò, tí kíndìnrín aláwọ̀ dúdú kan àti ti aláwọ̀ funfun kan bá ń ṣiṣẹ́ bákan náà, creatinine aláwọ̀ dúdú máa ń ga jù. Wọ́n ní ẹran ara ló fà á. Wọn ò wọn ẹran ara ẹnikẹ́ni o, àwọ̀ ni wọ́n wò, wọ́n wá ń sọ nọ́ńbà ẹni tó bá dúdú di púpọ̀, bí ìdá 21 nínú 100 ni wọ́n fi ń kún un. Fọ́múlà tó tẹ̀lé e, CKD-EPI ti ọdún 2009, dín in kù, 1.159 ni wọ́n wá fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyẹn ni ápù ẹ̀gbọ́n ẹ ń lò, ìwọ náà fi 48 lọ́nà 1.159 wò bóyá kò ní fún ẹ ní 56.

Ó ṣe ìpalára fún àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, tó o bá fẹ́ kí ọjọ́ tó o fi ń dúró de kíndìnrín ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kà, eGFR rẹ gbọ́dọ̀ wá sí 20 tàbí kó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí nọ́ńbà tiẹ̀ jẹ́ 19 gan-an, wọ́n á sọ ọ́ di 22 torí pé ó dúdú, á wá máa dúró níta. Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà wọn, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn kíndìnrín Amẹ́ríkà ní kí gbogbo láàbù bọ́ sórí fọ́múlà tuntun ti 2021 tí ò bèèrè àwọ̀ ẹnikẹ́ni, òun ló fún màmá ẹ ní 51. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n pàṣẹ fún àwọn ilé ìwòsàn tó ń pààrọ̀ kíndìnrín pé kí wọ́n wá àwọn aláwọ̀ dúdú tí fọ́múlà àtijọ́ ti fi ọjọ́ wọn ṣòfò, kí wọ́n dá ọjọ́ náà padà fún wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ ń sọ pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn, kò kàn wá, ẹ gbọ́ èyí. Ní Màláwì, Gúúsù Áfíríkà àti Uganda, àwọn onímọ̀ fún àwọn èèyàn ní abẹ́rẹ́ iohexol, nǹkan tí kíndìnrín nìkan ń kó jáde, wọ́n wá ń ka bó ṣe ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láti wákàtí dé wákàtí. Wíwọ̀n gidi nìyẹn, kì í ṣe ìfojúdíwọ̀n. Èsì náà jáde ní Lancet Global Health lọ́dún 2022: àwọn fọ́múlà creatinine ń sọ pé kíndìnrín àwọn èèyàn wọ̀nyẹn dáa ju bó ṣe wà lọ, tí wọ́n bá tún wá fi ti àwọ̀ dúdú kún un ó túbọ̀ ń burú sí i. Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé ara màmá tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, tó wọn kìlógíráàmù 58, kì í ṣe ara ọmọ Áfíríkà tó ń gbé Houston. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá 51 màmá yìí jà, kó jà á lọ sísàlẹ̀, kó má jà á lọ sókè.

*

Ẹni tó kọ̀wé pé creatinine bàbá òun jẹ́ 106, ti màmá òun jẹ́ 1.2, pé ṣé bàbá òun ń kú lọ ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Láàbù méjì, òṣùwọ̀n méjì. Ọ̀kan ń lo mg/dL, ìkejì ń lo µmol/L. Ẹ fi 88.4 pín 106, 1.2 náà ni. Mo ti rí ìdílé tó fi owó ọkọ̀ gbé èèyàn wá sí Ìbàdàn láti Ṣakí nítorí èyí nìkan.

Àwọn kan sì ní 51 túmọ̀ sí pé kíndìnrín ṣẹ́ ku ìdá 51 nínú 100. Ó jọ bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Mílílítà 51 ni wọ́n rò pé ó ń sẹ́ mọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ara tí awọ ẹ̀ fẹ̀ tó 1.73 m². Ọ̀dọ́ tó lera máa ń tó 100 tàbí kó lé. Mo mọ̀ pé àwọn dókítà máa ń fi "percent" ṣàlàyé fún aláìsàn kó lè tètè yé wọn, mi ò bá wọn jà.

*

Ó dáa, ṣé 51 yẹn gan-an dúró? Àwọn tó ń sọ pé "ẹ lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i" ló gba tèmi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé láàbù fẹ́ gbowó lẹ́ẹ̀mejì ni.

Ọ̀pọ̀ láàbù kéékèèké lọ́dọ̀ wa ṣì ń lo ọ̀nà Jaffe, ọ̀nà tó ti wà láti ọdún 1886. Wọ́n á po picric acid mọ́ omi ẹ̀jẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ á máa yí sí pupa bí epo, bó bá ṣe pupa tó ni creatinine ṣe pọ̀ tó. Ó rọ̀ lówó, ìdí tí wọn ò fi fi í sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n creatinine nìkan kọ́ ló ń yí i padà. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa pọ́n ọn, ketone a máa pọ́n ọn, ojú tó pọ́n nítorí ibà pọ́njú sì lè fà á wálẹ̀. Ọ̀nà tó ń lo ensáìmù dáa jù, owó ẹ̀ ló wọ́n. Tí láàbù Jaffe bá wá fi 0.2 péré kún creatinine màmá, tó bá jẹ́ pé 1.0 ni, eGFR wọn á di 64. Láti 51 sí 64! Lábẹ́ 60 ni wọ́n ti ń pè é ní àìsàn, ẹ̀ ń rí i bí ìwọ̀nba nǹkan kékeré báyìí ṣe lè sọ èèyàn di aláìsàn tàbí kó dá a sílẹ̀.

Ẹran náà wà ńbẹ̀. Ẹran tí iná ti mú, creatinine ti wà nínú ẹ̀, ó máa ń wọ ẹ̀jẹ̀ tààrà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá, àwa tá a wà ní láàbù máa ń rí i, àwọn tó ti jẹ ẹran àgbò láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí nọ́ńbà wọn á ṣàdédé gòkè. Òfin tí mo ń fún àwọn èèyàn mi ni pé kí wọ́n má fẹnu kan ẹran fún wákàtí 12 ṣáájú, kí wọ́n mu omi bí wọ́n ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má wá ní ọjọ́ tí wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí tí ibà ń ṣe wọ́n. Kí wọ́n sì padà sí láàbù kan náà. Tẹ́ ẹ bá ṣe àkọ́kọ́ ní Mọ́kọ́lá tẹ́ ẹ ṣe èkejì ní Ìkẹjà, ẹ̀ ń fi òṣùwọ̀n ìyá Bọ́lá wọn gàrí ìyá Ṣadé ni.

Tí àyẹ̀wò kejì yóò bá sì jẹ́rìí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó kéré tán oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, nítorí oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi sọ ọ́ di ọlọ́jọ́ pípẹ́. Kò túmọ̀ sí pé kí màmá jókòó tẹ̀tẹ̀rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta o. Tí ẹsẹ̀ bá ń wú, tí ìtọ̀ bá dínkù, tí èébì bá wọ̀ ọ́, ẹ máa lọ lọ́jọ́ náà. Kódà tí kò bá sí ìkankan nínú wọn, èmi á tún ẹ̀jẹ̀ yìí ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kí n lè rí i pé kì í ṣe nǹkan tó ń sáré ṣubú.

*

Ẹnì kan kọ ọ́ pé "tí eGFR bá ti ju 60 lọ kẹ́ ẹ lọ sùn". Mi ò lè jẹ́ kí ìyẹn kọjá, nítorí bàbá mi.

Àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Láàárín ọdún méjì, ẹran itan wọn tán, apá wọn di bí igi ìgbálẹ̀, ẹni ọdún 74 tó wá wọn kìlógíráàmù 46. Kòkòrò wọ inú ìtọ̀ wọn, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan, creatinine wọn jẹ́ 1.0. Èmi ọmọ wọn tí mo jẹ́ oníṣẹ́ láàbù ni mo ka èsì yẹn sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí mo ní kíndìnrín Bàbá dáa. Fọ́múlà náà ní 79. Wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ gentamicin, oògùn kòkòrò tó lè ba kíndìnrín àti etí jẹ́, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń fún ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ pé. Ní ọjọ́ kẹfà creatinine ti di 2.7, etí wọn ń hó, wọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́ títí tí wọ́n fi kú.

Ẹni tí ò ní ẹran lára mọ́ ò ní creatinine tó máa tú. Pàǹtírí ò sí nílé, a wá ń yin kólẹ̀kólẹ̀. Ká ní ẹnì kan nínú wa fi ọ̀nà Cockcroft àti Gault ṣírò ẹ̀ ni, èyí tó ń bèèrè ìwúwo: ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 140, ẹ fi kìlógíráàmù sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi 72 lọ́nà creatinine pín in, tó bá jẹ́ obìnrin ẹ fi 0.85 lù ú. Ti Bàbá, 42 ló máa jáde. 79 àti 42, ẹ wo bó ṣe jìnnà síra. Nígbà tó yá mo fi ẹ̀jẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí Èkó nínú kúlà fún cystatin C, ìyẹn ní 38, lóòótọ́ abẹ́rẹ́ yẹn ti jẹ nínú ẹ̀ nígbà náà.

Cystatin C yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ń ṣe é, kò dá lórí ẹran ara, nítorí náà ẹni tó gbẹ, ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, arúgbó, ẹni tó ń gbé HIV tó ti fọn, òun ló yẹ wọ́n. Òun náà ní àléébù tiẹ̀, ẹni tó ń lo oògùn steroid, ẹni tí gògòńgò ẹ̀ wú nítorí thyroid, ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, ó lè ṣì wọ́n fi. Ìlànà ọdún 2024 ti KDIGO, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú kíndìnrín fún gbogbo ayé, ní tẹ́ ẹ bá ti lè rí i ṣe, kẹ́ ẹ pa á pọ̀ mọ́ creatinine nínú fọ́múlà kan. Kò sí ní gbogbo ìlú, ó sì wọ́n. Mi ò ní sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n lọ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí ara ẹ̀ ti gbẹ tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ẹ bèèrè.

Ẹ má sì gbé Cockcroft yìí lórí kẹ́ ẹ máa sá káàkiri. Ọdún 1976 ni, aláìsàn 249 ní Kánádà ló ti wá, ọkùnrin sì lọ́pọ̀ jùlọ nínú wọn. Màmá àbúrò wa yìí tí wọ́n bá wọn kìlógíráàmù 58, á fún wọn ní 45. Tí wọ́n bá sanra tó 90, ẹ̀jẹ̀ kan náà, á fún wọn ní 69. Ọ̀rá ò tú creatinine, ṣùgbọ́n fọ́múlà yẹn ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí ẹran. Ìwọ̀n oògùn ni mo ń lò ó fún, mi ò lò ó láti fi sọ ẹni tó ní àìsàn.

*

Ọmọ tó bèèrè bóyá jíìmù lè gbé creatinine sókè. Mo ti rí irú ẹ̀. Ọmọ ọdún 27, creatinine 1.5, eGFR 65, ìyá ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Mo ní kó sọ ohun tó ń jẹ fún mi: ẹyin mẹ́fà láàárọ̀, adìyẹ, àti páúdà creatine. Páúdà yẹn fúnra ẹ̀ ló ń di creatinine nínú ara. Ó fi í sílẹ̀ fún oṣù kan, ó padà di 1.2, eGFR 85, ìtọ̀ ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ju nọ́ńbà lọ.

Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni ti àwọn tó ń lo TLD fún HIV. Dolutegravir tó wà nínú ẹ̀ máa ń dí ọ̀nà tí creatinine díẹ̀ ń gbà jáde, nọ́ńbà á gòkè díẹ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́, á wá dúró síbẹ̀, kò ṣe kíndìnrín ní nǹkan kan. Septrin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé kò sí ewu rárá, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, nítorí tenofovir wà nínú hóró TLD kan náà, ìyẹn lè ba kíndìnrín jẹ́ lóòótọ́. Tó bá gòkè tó dúró, ó dáa. Tó bá ń gòkè lọ, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹni tó ní sickle cell, ẹ má fi creatinine tó wà nílẹ̀ yọ̀. Tiwọn sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù, kíndìnrín á ti máa bàjẹ́ kí creatinine tó sọ ọ́. Ìtọ̀ ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò. Aboyún náà, kò sí èyí tó wà fún wọn nínú àwọn fọ́múlà yìí.

*

Bàbá tó ní ká padà sí kíkó ìtọ̀ wákàtí 24 sínú kẹ́ẹ̀gì, pé òun nìkan ló ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ má bínú sà, mi ò gbà. Mo ti gba kẹ́ẹ̀gì yẹn lọ́wọ́ àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnì kan gbàgbé ti òru, òmíràn tọ̀ síbi iṣẹ́, ọ̀kan tiẹ̀ bu omi kún un torí ó rò pé ó kéré. Tí wọ́n bá sì kó o pé perepere, ó ṣì máa ń sọ jù, torí creatinine kan ń gba ẹ̀gbẹ́ jáde láìgba ojú asẹ́. Mo ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ara wọn ò bá fọ́múlà kankan mu, ìyẹn nìkan.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá. Ọ̀pọ̀ yín ló ń sọ pé ọjọ́ orí ni, pé ta ni kíndìnrín ẹ̀ ò ní rẹ̀ ní 62. Òótọ́ wà ńbẹ̀, láti nǹkan bí ogójì ọdún ni ó ti ń dínkù, bí ẹyọ kan lọ́dún. Àwọn dókítà pàápàá ń jà lórí ẹ̀, àwọn kan ní arúgbó ẹni ọdún 80 tó ní 55 tí ìtọ̀ ẹ̀ sì mọ́, kí wọ́n má pè é ní aláìsàn. Mo lè gba ìyẹn fún ẹni 80. Ẹni 62 tó ti gbé ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún 11, mi ò gbà á.

Kò sí ẹni tó tíì bèèrè ìtọ̀ màmá nínú gbogbo èsì tẹ́ ẹ kọ, ẹ wo bó ṣe gùn tó! Creatinine ń sọ iye tí asẹ́ ń sẹ́. Ìtọ̀ ló ń sọ bóyá asẹ́ ti ya. Albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, kì í kọjá nínú asẹ́ tó dáa. Ìtọ̀ àárọ̀ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe ACR, ìyẹn albumin sí creatinine. Lábẹ́ 30 mg/g dáa, 30 sí 300 ó ti ń jò, ó lé ní 300 ó ti ya gan-an. Bébà tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ ní ilé oògùn náà sàn ju kí wọ́n má ṣe nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n jíjò kékeré ò ní hàn lórí ẹ̀. Ẹ má ṣe é lásìkò ibà tàbí tí kòkòrò bá wà nínú ìtọ̀. Ẹni tí eGFR ẹ̀ jẹ́ 95 tí ACR ẹ̀ jẹ́ 400 fún oṣù mẹ́ta ní àìsàn kíndìnrín, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀.

Àgbo náà wá. Mi ò bá ẹni tó ń ṣe egbòogi jà, ìyá ìyá mi ló ń wẹ̀ wá lágbo. Ṣùgbọ́n asẹ́ kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń fọ̀. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn ẹnikẹ́ni ò mọ̀, kíndìnrín tó ti ń rẹ̀ ni yóò sì kó o jáde. Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù jù ni diclofenac àti ibuprofen tí àwọn màmá wa ń rà fún orúnkún lójoojúmọ́. Bi màmá ẹ dáadáa, wọn ò ní kà á mọ́ oògùn.

Ẹni tó sì ní kí màmá dá lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, dúró torí creatinine ẹ̀gbọ́n òun gòkè lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, jọ̀ọ́ yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Irú oògùn yẹn máa ń jẹ́ kí creatinine gòkè díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí kò bá ti ju ìdá 30 nínú 100 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọn kì í dá a dúró, kíndìnrín náà gan-an ló ń dáàbò bò.

*

Àbúrò wa ti padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ààbọ̀ o, mo dúpẹ́ pé o ò gbàgbé wa. Ó ní láàbù kan náà, kò sí ẹran lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, creatinine 1.1, ACR 48. Ó tún ní diclofenac tó wà nínú báàgì màmá tó páálí mẹ́rin.

Tí mo bá fi sínú fọ́múlà 2021, 57 ni. Má rò pé kíndìnrín ti ń sàn láti 51 sí 57, irú ìyàtọ̀ yẹn kéré, ẹran àti diclofenac tó kúrò ńbẹ̀ lè ṣe é, ẹ̀rọ láàbù nìkan náà lè ṣe é. Ó ṣì wà lábẹ́ 60 lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kọjá oṣù mẹ́ta, ìtọ̀ sì ń jò díẹ̀. G3a (eGFR 45 sí 59), A2 (ACR 30 sí 300) ni dókítà máa kọ tí wọ́n bá tún ìtọ̀ yẹn ṣe tó jẹ́ bákan náà. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, àbúrò mi, mi ò ní fi pamọ́ fún ẹ. Ó jìnnà sí dialysis, ìyẹn fífi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ tó wà níbi tí màmá wà yìí kì í dé ibẹ̀ láyé wọn.

Mú ìwé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ dókítà, má mú fóònù nìkan lọ. Bèèrè pé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà ní iye wo, bóyá oògùn wọn wà lára irú èyí tó ń dá jíjò ìtọ̀ dúró, bóyá wọ́n ti yẹ ṣúgà wọn wò, àti pé ṣé wọ́n lè ya àwòrán kíndìnrín méjèèjì. Kọ eGFR 57 àti ACR 48 síwájú káàdì wọn kí ẹni tó bá fẹ́ kọ gentamicin tàbí diclofenac fún wọn lè rí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tún ṣe ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ papọ̀ ní láàbù yẹn náà, kó o wá kọ èsì ẹ̀ síbí fún mi.